Ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ń bà yín? Ẹ̀yin nìkan kọ́, ọ̀nà àbáyọ sì wà

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n á pòwe, wọ́n á dápàárá, wọ́n á parí ìjà láàárín tọkọtaya. Àmọ́ kí ọ̀gá àgbà ṣáà wọlé, kí ìpàdé di ti Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni wọ́n á máa wolẹ̀ bí ẹni tí owó ẹ̀ já bọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ààrá nísàlẹ̀ á wá di odi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe pé kò lọ́rọ̀ láti sọ o. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Iṣẹ́ ni mo ń wá kiri nígbà náà l'Ékòó, n kò ní í dárúkọ iléeṣẹ́ tí mo lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbani sí yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣe irú ẹ̀ níbòmíì. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi: òyìnbó kan, ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, àti ọmọ Yorùbá kan tí ilà ojú ẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi. Áà! Gbogbo ohun tí mo ti há sórí látilé ló fò lọ. Ẹnu mi gbẹ, òógùn bò mí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ pé ìyá mi ń taṣọ lọ́jà, "he" ni mo pe ìyá mi. Mo tún un sọ, "he" náà ló tún jáde.

Ẹ gbọ́ o. Òyìnbó yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kejì náà ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi yẹn ló bú sẹ́rìn-ín, tó wá ń fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà náà, n kò rí gbólóhùn mẹ́ta sọ mọ́ títí mo fi jáde. Bí iṣẹ́ ṣe lọ nìyẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo sì rí nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú wa, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń bà wá lẹ́rù. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ọmọ ìyá wa.

NÍBO LẸ̀RÙ NÁÀ TI WÁ?

Ẹ rántí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àìmọye iléèwé ló fòfin de Yorùbá. Ọmọ tó bá sọ fanákúlà, owó ìtanràn ni, tàbí kó jẹ pàṣán, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn káàkiri ọgbà. Ó dáa, ọmọ náà wá gbìyànjú, ó la ẹnu láti sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣì í sọ. Gbogbo kíláàsì á pariwo: "Gbàgáùn!" Wọ́n á ní ó ti yìnbọn. Ọmọ tí wọ́n nà torí Yorùbá, tí wọ́n tún fi ṣẹ̀sín torí Gẹ̀ẹ́sì, kí ló kù tó lè ṣe? Kó dákẹ́ ni. Ọmọ yẹn ti wá di ẹni ogójì ọdún báyìí, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń dákẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Kí ni àgbà ń wò lẹ́yìn? Ó ń wo ẹni tó rí i. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá bá ara ẹ̀ nílùú òyìnbó fi máa ń gbọ́ èdè ibẹ̀ kíá, tí ìyá ẹ̀ á ṣì máa fọwọ́ júwe ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ń ṣi í sọ ju ìyá lọ, àmọ́ kì í wẹ̀yìn wò.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lọ́dún 1986 ni Elaine Horwitz àtàwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ méjì gbé iṣẹ́ kan jáde l'Amẹ́ríkà nípa ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn tó ń kọ́ èdè àjèjì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n lò o, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè wọn, tí wọ́n wá ń kọ́ èdè àwọn ẹlòmíì. Ẹ̀rù bà wọ́n bó ṣe ń bà wá! Ọkàn wọn ń lù, òógùn ń bò wọ́n, wọ́n ń gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀. Horwitz àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ní nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀rù náà fara jọ: ìbẹ̀rù àtila ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, ìbẹ̀rù ìdánwò, àti ìbẹ̀rù ohun tí àwọn ẹlòmíì máa rò nípa ẹni. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ni mò ń bá bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rù bá ti mú èèyàn, ara á máa múra bí ẹni tó fẹ́ jà tàbí tó fẹ́ sá lọ. Ọkàn á máa sáré, itọ́ á gbẹ lẹ́nu, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Orí tó yẹ kó máa wá ọ̀rọ̀ á wá máa ka iye èèyàn tó ń woni. Torí náà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́ níwájú ọ̀gá, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

ÀṢÌṢE YÍN KÌ Í ṢE ÀMÌ ÒMÙGỌ̀

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, tó jẹ́ pé ká ní wọ́n sọ ọ́ fún wa ní iléèwé ni, ara ì bá tù wá. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì ló ní ìdí. Èdè wa ló ń gbẹnu wa sọ̀rọ̀.

Ẹ wo "he" àti "she" tó dójú tì mí yẹn. Ní Yorùbá, "ó" la máa ń lò fún ọkùnrin, òun náà la máa ń lò fún obìnrin. Ó jẹun, ó lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tó bi wá bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nígbà tí ara bá balẹ̀, a máa ń rántí pé Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì. Bí jìnnìjìnnì bá dé, Yorùbá la máa ń sá padà sí, tí "he" á bọ́ sórí ìyá ẹni. Bákan náà ni ti ohun tó ti kọjá. Mo lọ lónìí, mo lọ lánàá, "lọ" ni "lọ" ń jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní "go", ó tún ní "went". Ìwé kan, ìwé mẹ́wàá, "ìwé" náà ni. Gẹ̀ẹ́sì á ní kẹ́ ẹ fi "s" sí i.

Ẹ tún wo ohùn. Yorùbá àjùmọ̀lò ò ní ohùn "v", kò ní "z", kò ní "th", kò sì ní "ch". Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì lẹ̀ mọ́ra, fáwẹ̀lì ló sì máa ń fẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun táwọn òyìnbó ń pè ní "bread" fi di búrẹ́dì lọ́wọ́ wa, tí "driver" di dírẹ́bà, tí "church" di ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn baba wa tó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àlejò di ọmọ ilé ni. Lápá ibì kan nílẹ̀ Ìbàdàn, "s" ni wọ́n ń sọ níbi tí ẹlòmíì ti ń sọ "ṣ", wọ́n á sì gbé e wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn míì á mú "h" kúrò níbi tó wà, wọ́n á fi síbi tí kò sí. Lórí gbogbo ẹ̀, Yorùbá ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yà "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ọ̀rọ̀ ló máa ń tẹnu mọ́ ju èkejì lọ. Kò sí béèyàn ṣe máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan.

Bí òyìnbó bá sì fẹ́ sọ Yorùbá, ṣé ẹ ti gbọ́ bó ṣe máa ń pe "gb"? Ṣé ẹ ti gbọ́ ibi tó máa ń gbé ohùn sí? Síbẹ̀, ńṣe la máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, a ó ní ó gbìyànjú. Kí ló wá dé tá ò lè pàtẹ́wọ́ fún ara wa?

ẸNI TÍ WỌ́N FI ṢẸ̀SÍN TÓ DI ÀPÉWÒ

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn Amos Tutùọlá fún yín. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1920. Ìwé tó kà ò pọ̀, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ. Nígbà tó ń ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, ó kọ ìtàn ọ̀mu ẹmu kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé Yorùbá ló ń mí nínú ẹ̀. Iléeṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tẹ ìwé náà jáde lọ́dún 1952, "The Palm-Wine Drinkard" lórúkọ ẹ̀. Dylan Thomas, akéwì ńlá, yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn Observer lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1953, wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Faransé.

Ta ló wá bínú? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa nílé ni. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ ni, pé ó fẹ́ dójú ti Nàìjíríà lójú òyìnbó. Tutùọlá ò dá wọn lóhùn, ó ń kọ ìwé tiẹ̀ lọ. Ọdún 1997 ló kú. Lónìí, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìwé ẹ̀ káàkiri ayé. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ máa kọ Gẹ̀ẹ́sì ti Tutùọlá sínú lẹ́tà iṣẹ́ o! Ohun tí mò ń sọ ni pé ká ní ọkùnrin yẹn tẹ́tí sí ẹ̀rín, ẹnu ẹ̀ ì bá pa mọ́ sínú ọ́fíìsì mẹ́séńjà títí dòní.

Àwọn kan sì máa ń rò pé Yorùbá tí a gbọ́ ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Irọ́ ni. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nínú èdè ìyá ẹ̀ ló ń rí ibi dúró sí láti na ọwọ́ mú èdè ẹlòmíì.

OHUN TẸ́ Ẹ LÈ BẸ̀RẸ̀ LÁTI ỌLA

Ó dáa, a ti mọ ibi tí àrùn ti wá, oògùn wá ńkọ́? Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Kò sí idán níbẹ̀, kò sì gba owó.

Àkọ́kọ́, ẹ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ yín ná. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gbé gbogbo èdè òyìnbó mì. Télọ̀ tó ń gba aṣọ oníbàárà, mẹkáníìkì tó ń ṣàlàyé ohun tó ṣe ọkọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń sọ bí aláìsàn ṣe sùn mọ́jú fún dókítà, gbólóhùn tí kálukú wọn ń lò lójúmọ́ lè má ju ogún lọ. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kékeré. Ẹ fi han ẹni tó gbọ́ ọ kó bá yín tún un ṣe. Kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ lásọtúnsọ títí á fi máa jáde láìronú.

Ẹ̀kejì, ẹ sọ ọ́ síta. Kíkà sínú ò tó. Ẹnu àti ahọ́n ń kọ́ṣẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ẹ tan rédíò, kí asọ̀ròyìn sọ gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀: ẹ gba tiyín, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú á tì yín. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń mọ́ yín lára.

Ẹ̀kẹta, ẹ yé túmọ̀ Yorùbá nínú ọpọlọ. Gbólóhùn Yorùbá gùn, ó lọ́ràá. Bẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, ẹ máa sọnù sí agbedeméjì. "Mò ń bọ̀" tí à ń sọ nígbà tá a fẹ́ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ fún òyìnbó pé "I'm coming", tẹ́ ẹ sì kọ̀yìn sí i, kò ní í yé e. "Ẹ kú ìjókòó" ò sì ní ẹgbẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, ó tó. Gbólóhùn kúkúrú ni kẹ́ ẹ máa lò. Ẹ sọ ọ̀kan, ẹ mí, kẹ́ ẹ tó sọ èkejì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ní gbólóhùn tẹ́ ẹ máa fi ra àkókò. "Please, say that again." "Let me think." Mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú ẹ̀, ẹ há wọn sórí. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí kò yé wa ní Yorùbá, ṣebí a máa ń ní kó tún un sọ? Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kéèyàn máa mi orí sí ohun tí kò yé e, kó wá lọ ṣe iṣẹ́ náà lódìlódì.

Ẹ̀karùn-ún, bó bá jẹ́ ìpàdé tàbí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbà yín síṣẹ́, gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ̀ dénú eegun. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti máa ń pọ̀ jù. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má sáré, ẹ má sì yá fọ́nẹ́ ẹlòmíì lò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ń ronú nípa ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbìyànjú láti dún bí òyìnbó ń ru ẹrù méjì.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wá ẹnì kan. Akẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ ni o, ìyàwó ni o, ọmọ yín tó wà ní ṣẹ́kọ́ńdìrì ni o. Ẹ jọ sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́, kẹ́ ẹ sì dá májẹ̀mú pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yìí, "he" àti "she". Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tó ti kọjá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

IBI TÍ Ẹ Ò TI GBỌDỌ̀ FI TIPÁ SỌ GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ ti máa fi Gẹ̀ẹ́sì dánra wò. Bí ọlọ́pàá bá mú yín, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 35, sọ pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú yín, ní èdè tó yé yín. Bó bá sì di ilé ẹjọ́, tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn yín, abala 36 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ bí èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ò bá yé yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní í san kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín sọ "yes sir" sí ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́. Èèyàn lè fi "yes sir" kan ṣoṣo gba ẹ̀wọ̀n. Lọ́dọ̀ dókítà náà, bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi lè sọ ibi tó ń dùn yín, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ Ń RẸ́RÌN-ÍN ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin tí Gẹ̀ẹ́sì yín dán bíi dígí lo kàn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń fi ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Ẹ̀rín yín yẹn ń náni lówó. Ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ó ń gbé e fún ẹni tó kàn mọ ẹnu. Dírẹ́bà tó rí i pé bíréèkì ọkọ̀ ò dáa, tí kò lè sọ ọ́ fún ọ̀gá torí kó má baà yìnbọn, ọkọ̀ yẹn kan náà ni ọ̀gá máa wọ̀ lọ sílé. Bí ẹnì kan bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ níwájú yín, ẹ dá a lóhùn ọ̀rọ̀ tó sọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá yá.

Ní tèmi, ọdún méjì lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ yẹn, mo tún jókòó síwájú àwọn mìíràn. Wọ́n tún ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ara mi. Mo dé orí ìyá mi, ẹ sì mọ̀ ọ́n, "he" ló tún bọ́ síta. Ẹnì kan tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo dákẹ́ díẹ̀, mo mí, mo ní "sorry, she", mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo sọ bí obìnrin náà ṣe ń fi owó aṣọ rán mi níléèwé, mo sọ iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sọ ọ́ tán pátápátá. N kò wẹ̀yìn wò.

Wọ́n gbà mí.